Ṣúgà Já Wálẹ̀ Lóru: Bí A Ṣe Ń Ka Ohun Tí Sẹ́ńsọ̀ Apá Rí Nígbà Tí A Sùn

Fóònù mi ké ní aago 2:17 òru. Mo wò ó: ṣúgà Màmá ti di 52, ọfà rẹ̀ dorí kodò. Mo sáré bọ́ sí yàrá Màmá. Wọ́n ń hanrun ní tiwọn. Mo fọwọ́ kan ọrùn wọn, ó gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí." Wọ́n lajú: "Kí ló dé? Ta ló kú?" Mo gún ìka wọn, ẹ̀rọ ka 104. Apá òsì tí sẹ́ńsọ̀ wà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà tó sì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù, ni wọ́n fi sùn lé.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a lẹ sẹ́ńsọ̀ yìí mọ́ wọn lápá, mi ò tíì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jí wọn fún ẹlẹ́rìndòdò láì gún ìka, tí ṣúgà wọn fi di 260 kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a dé kíláníìkì, ẹni tó wo àkọsílẹ̀ ààrọ̀ wọn fẹ́ fi kún ínsúlíìnì alẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí: nọ́ńbà òru purọ́, èmi fi ẹlẹ́rìndòdò sọ ọ́ di ṣúgà gíga láàárọ̀, díẹ̀ ló sì kù kí àfikún abẹ́rẹ́ wá fa ṣúgà wọn lulẹ̀ lóòótọ́.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn oníhóró, tàbí ẹni tó ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí sẹ́ńsọ̀ bíi FreeStyle Libre tàbí Dexcom sì wà lára rẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá àti lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ara kí ẹ tó wo ìlà orí fóònù

Nígbà tí áláàmù bá dún, ẹ má jókòó ti fóònù kí ẹ máa rò ó. Ẹ jí onítọ̀hún. Ṣé ó ń làágùn? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ṣé àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì? Ṣé ọ̀rọ̀ tó ń sọ bọ́ sí i? Lẹ́yìn náà ẹ gún ìka.

Ìka tí ẹ máa gún gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹni tó jẹ ọsàn tàbí máńgòrò kó tó sùn, tí kò fọwọ́ dáadáa, oje yẹn lè mú kí ẹ̀rọ ìka ka 130 nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 60. Ẹ fi omi fọ ìka, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ tún wo strip yín, ìyẹn pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ ìka lè kà á: ìgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wà ní dídé pa, kì í ṣe ohun tí à ń ṣí sílẹ̀ lórí fèrèsé tí oòrùn ń pa.

Bí strip bá ti tán ńkọ́? Bí àmì kankan bá wà lára, tàbí tí ẹni náà bá ń lo ínsúlíìnì tí ẹ kò sì rí ìka gún, ẹ ṣe bí ẹni pé òótọ́ ni, ẹ fún un ní ṣúgà. Ṣúgà gíga òru kan ṣeé tún ṣe. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ tí a fojú fò kì í fúnni láyè.

Ohun tí wọ́n ń fúnni ni gíráàmù 15 ṣúgà tó yára wọ ẹ̀jẹ̀: ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà tó tẹ́jú tí a pò mọ́ omi, tàbí oyin ṣíbí ńlá kan, tàbí ẹlẹ́rìndòdò tó dùn (kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "zero" sí lára) tó ìwọ̀n mìlílítà 150. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún ìka gún. Bí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún un ṣe. Ṣokoléètì kò dára fún iṣẹ́ yìí, ọ̀rá inú rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Ẹ̀bà náà kò yára tó. Ìgbà tí ṣúgà bá ti gòkè ni ẹ lè fún un ní búrẹ́dì ègé kan tàbí bisikíìtì díẹ̀ kó lè gbé e dé ààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín létí: ìka ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 yẹn, ẹ má fi sẹ́ńsọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Sẹ́ńsọ̀ máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ni. Ẹ̀jẹ̀ ti lè dé 95 kí sẹ́ńsọ̀ ṣì máa ka 58. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń mu ife kejì, ife kẹta, tí wọ́n sì ń jí sí 280.

Bí ẹni náà kò bá jí, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ oyin. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ glúkágọ̀nì (èyí tó ń gbé ṣúgà sókè) bó bá wà nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà ń wí

Ní Nàìjíríà, mg/dL ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìka fi ń kà, mmol/L ni wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń sọ 4, ìbátan wa ní Houston ń sọ 72, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ fi 18 pín mg/dL, ẹ ó rí mmol/L. Kí gbogbo ẹbí mọ èyí kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ lórí fóònù ní aago mẹ́ta òru.

Ìsàlẹ̀ 70, ìyẹn 3.9, ni wọ́n ń pè ní lílọ sílẹ̀: ó yẹ ká ṣe nǹkan sí i. Ìsàlẹ̀ 54, ìyẹn 3.0, ti kọjá eré: ọpọlọ ti ń pòùngbẹ ṣúgà níbẹ̀. Bí fóònù bá kọ "LO", ó túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ rí ohun tó wà nísàlẹ̀ 40, kò sì fẹ́ dá nọ́ńbà sí i. Oríṣi kẹta kò ní nọ́ńbà rárá: ìgbà tí ẹni náà kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa gbà á.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n gan-an

Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ inú sẹ́ńsọ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Omi tó wà láàárín ẹran ara, lábẹ́ awọ, ló rì sí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ti ń wọ inú omi yẹn, ìdí nìyẹn tí sẹ́ńsọ̀ fi ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú 5 sí 15 lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀.

Tí ènìyàn bá wá gbé ara lé ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ ronú ẹni tó dúró lórí róbà omi tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Omi kún táǹkì, ẹnu ẹ̀rọ omi ṣí sílẹ̀, àmọ́ ẹnu róbà ò yọ ju ẹ̀kán lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé apá tí a sùn lé bó ṣe yẹ, ṣúgà tó wà nínú omi abẹ́ awọ níbẹ̀ ń tán, àtúnṣe kò tètè dé. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́ nípa ohun tó rí. Ibi tó wà ni ìyà ń jẹ, kì í ṣe gbogbo ara.

Ìgbésẹ̀ 4: Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo bí ìlà ṣe rí

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí ojú ló ń là. Ẹ ṣí áàpù, ẹ wo ìlà òru láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà ìdájí.

Ìlà tí apá tí a sùn lé fà máa ń ṣe bí ẹni tó já láti orí àjà. Ní òru tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, Màmá wà ní 118 gbọọrọ láti aago mọ́kànlá, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ní aago 2:00 ó bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó sì di 52 láàárín ìṣẹ́jú 17. Lẹ́yìn tí mo jí wọn tí wọ́n yíra padà, ó gòkè padà bí ó ṣe já, ó sì tún jókòó sí nǹkan bí 110 láìjẹ́ pé wọ́n jẹ ohunkóhun. Ògiri méjì, kòtò láàárín. Bí ẹ bá rí irú kòtò bẹ́ẹ̀, tí kò sí ínsúlíìnì tó ń yára ṣiṣẹ́ nínú ara ní wákàtí yẹn, apá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìlà ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lóòótọ́ rí bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lóṣù kejì. Inú Màmá kò dá lálẹ́ ọjọ́ náà; wọ́n ti gba Mixtard, ínsúlíìnì àdàlù wọn, pé pérépéré kí àmàlà tó dé iwájú wọn, òkèlè mẹ́ta péré ni wọ́n sì jẹ. Ẹ wo ìlà: 142 ní aago mẹ́wàá, 118 ní 11:30, 96 ní aago kan, 74 ní aago méjì, 61 ní 2:40. Nígbà tí mo débẹ̀, aṣọ oorun wọn rin gbindin, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n sì ń fi pè mí. Ìka ka 49. Ẹ ṣàkíyèsí: ìka kéré ju sẹ́ńsọ̀ lọ, torí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ̀ lọ níwájú, sẹ́ńsọ̀ ń tẹ̀lé e bọ̀. Nígbà tí ọfà bá ń lọ sílẹ̀, ẹ gbà pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè burú ju ohun tí ẹ rí lọ.

Ẹ lè dán apá wò lọ́sàn-án. Kí onítọ̀hún fi apá tí sẹ́ńsọ̀ wà dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, nígbà tí ìlà rẹ̀ bá tẹ́ gbọọrọ, kí ẹ máa wò ó. Kì í ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ènìyàn, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ojú yín á rí i kedere. Fún Màmá, 40 ni nọ́ńbà fi lọ sílẹ̀ kí ìdajì wákàtí tó pé. A gbé sẹ́ńsọ̀ tó tẹ̀ lé e sí apá ọ̀tún, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òsì ni wọ́n fẹ́ràn láti sùn lé, áláàmù òru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì kí a tó kúrò níbí. Sẹ́ńsọ̀ tuntun lè má tíì fìdí múlẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá fi sí i, ó sì lè máa ka ohun tó kéré. Ẹ má fi sí i lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́ sùn. Àárọ̀ ni kí ẹ fi sí i. Èkejì: bí ìlà bá já bí okùn, tí àlàfo wà níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ṣúgà tó lọ sílẹ̀. Fóònù ti kú nítorí pé wọn ò mú iná wá, tàbí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí pálọ̀. Libre 2 ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wákàtí 8 sẹ́yìn sínú sẹ́ńsọ̀, nítorí náà ẹ skáànù rẹ̀ ní gbàrà tí ẹ bá jí.

Ìgbésẹ̀ 5: Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ bi wákàtí rẹ̀ léèrè

Bó bá jẹ́ láàárín òru sí aago mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀, tí ẹni náà sì ń gba ínsúlíìnì olómi funfun tàbí àdàlù bíi Mixtard lálẹ́, abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló ń dé góńgó agbára rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Oúnjẹ alẹ́ tó kéré ju bí abẹ́rẹ́ ṣe tó lọ, òun ni ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Bó bá jẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ wo ínsúlíìnì tó ń yára ṣiṣẹ́, pàápàá bí wọ́n bá tún gba òmíràn lé e nítorí pé ṣúgà ga kí wọ́n tó sùn. Abẹ́rẹ́ kan kò tíì parí iṣẹ́, èkejì ti gùn ún lórí. Bí ìlà bá kàn ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti alẹ́ títí dé ìdájí, láìsí ìgbà kan pàtó tó já, ínsúlíìnì ọlọ́jọ́ gígùn lè pọ̀ jù.

Ti glibẹnklamáìdì, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, yàtọ̀. Ó ń pẹ́ nínú ara. Àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lóru, kó jẹ ṣúgà, kó gòkè, kó tún padà lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kódà bí ara rẹ̀ bá ti yá, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá oògùn mìíràn wà.

Iṣẹ́ ara náà wà níbẹ̀. Ẹni tó roko tàbí tó jó níbi òde ìnáwó ní ìrọ̀lẹ́, ẹran ara rẹ̀ ṣì ń fa ṣúgà mu ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà. Ọtí: bí ẹ̀dọ̀ bá ń bá ọtí jà, kì í ráyè tú ṣúgà sílẹ̀, ní pàtàkì bí ọtí náà bá wọ inú òfo. Ààwẹ̀, ti mùsùlùmí àti ti kìrìsìtẹ́nì, gbọ́dọ̀ dé etí dókítà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Àgbo náà ńkọ́? Mi ò bú àgbo, ilé wa náà ń mu ún. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ohun tó wà nínú ìgò àti ìwọ̀n rẹ̀, a kò lè mọ ohun tó ń bá abẹ́rẹ́ ṣe pọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má tijú.

Ẹ tún wo káàdì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Propranolol lè bo gbígbọ̀n ara àti lílù kìkìkì àyà mọ́lẹ̀. Òógùn nìkan ló sábà máa ń kù gẹ́gẹ́ bí àmì.

Ẹni tó ń lo metformin nìkan, tàbí tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá tó kàn fẹ́ mọ bí ara òun ṣe ń ṣe, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọrùn. Metformin nìkan kì í sábà fa ṣúgà lọ sílẹ̀. 65 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóru kì í ṣe ohun àjèjì nínú ara tó le. Ẹ kọ́kọ́ wo apá.

Irọ́ tó léwu jù: ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ bá dákẹ́

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ jẹ́ nípa ariwo tí kò yẹ. Òdìkejì rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí jù. Hydroxyurea, oògùn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ń lò, ń mú kí Dexcom ka ohun tó ga ju òótọ́ lọ. Fítámìnì C tó ju mìlígíráàmù 500 lọ lójúmọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí Libre 2. Nínú irú ara bẹ́ẹ̀, 110 orí fóònù lè bo 60 mọ́lẹ̀, áláàmù kò sì ní dún. Bí ẹni náà bá jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, aṣọ tó tutù, tàbí àlá burúkú lemọ́lemọ́, tí ìlà òru sì mọ́ tónítóní, ẹ gbé áláàmù sí aago mẹ́ta òru fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ gún ìka.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà

Òru kan kò tó láti yí oògùn padà. Mẹ́ta ni mo máa ń wá: ó ha ń ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan náà bí? Àfi bó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 54 lóòótọ́, tí ìka sì jẹ́rìí sí i. Ìyẹn kò ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ kejì ni kí ẹ pe dókítà. Ẹ má dá ínsúlíìnì dúró fúnra yín, pàápàá ẹni tó ní oríṣi kìíní àtọ̀gbẹ.

Ìwé tí mò ń lò kò ju ojú ewé kan lọ. Fún àpẹẹrẹ: "Wẹ́sídeè, 2:17. Sẹ́ńsọ̀ 52, ìka 104. Apá òsì ni wọ́n sùn lé. Oúnjẹ: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín aago méje. Abẹ́rẹ́ pé. Kò sí òógùn. N kò fún wọn ní nǹkan kan."

Ìwé yìí ṣe pàtàkì nítorí ìṣirò áàpù. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò lé lọ́dún 2019 ni pé kí àkókò tí àgbà ń lò nísàlẹ̀ 70 má tó 4 nínú 100, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́, kí ìsàlẹ̀ 54 má sì tó 1 nínú 100. Fún arúgbó àti ẹni tí ewu ń bẹ fún, ìsàlẹ̀ 70 pàápàá kò gbọdọ̀ tó 1 nínú 100, ìyẹn ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́. Áàpù kò sì mọ apá yàtọ̀ sí ṣúgà. Gbogbo kòtò irọ́ ló ń kà mọ́ ọn. Dókítà tó bá rí 6 nínú 100 láì rí ìwé yín lè gé ínsúlíìnì tí kò ṣẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri jà: pé bí ṣúgà bá ga láàárọ̀, ó ní láti jẹ́ pé ó lọ sílẹ̀ lóru tó sì ta padà. Láti ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ ti dé, wọ́n ti rí i pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ sílẹ̀ lóru sábà máa ń jí sí nọ́ńbà tó kéré, àyàfi bí ẹnì kan bá rọ ẹlẹ́rìndòdò sí i bí mo ti ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, gíga ààrọ̀ ń wá láti inú ohun tí ara ń tú sílẹ̀ ní ìdájí láti fi jí wa.

Ìgbésẹ̀ 7: Áláàmù àti àwọn ará òkè òkun

Fún ẹni tó ń lo ínsúlíìnì, mo fẹ́ kí áláàmù dún ní 80 dípò 70, kí a lè ráyè dé ibùsùn. Ẹ wò ó dáadáa pé fóònù kì í dá áláàmù náà lẹ́kun nígbà tó bá wà lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Áláàmù tó máa ń dún ní 55 lórí Dexcom, wọn kò jẹ́ kí ènìyàn pa á.

Bí ọmọ tó wà lókèèrè bá ń tẹ̀lé nọ́ńbà lórí fóònù tirẹ̀, ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa pe ta ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù pe ìpè mẹ́rin ní òru kan nítorí apá òsì Màmá, wọ́n tún pe ará ilé kejì, ìyẹn sì wá ń kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. A ti wá ṣe é báyìí: ẹ̀gbọ́n mi á dúró ìṣẹ́jú 10 kí n fi nọ́ńbà ìka ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí kò bá rí i, kí wọ́n pe gbogbo àdúgbò.

Lálẹ́ àná fóònù tún ké. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, Màmá ti ń pariwo láti inú òkùnkùn: "Apá ni o! Mo ti yíra padà, lọ sùn." Mo tan iná, mo bomi fọ ìka wọn, mo sì gún un. 97.